Híítà Méjì Tí Hortensia Olivas Tún Ṣe

Ní àdúgbò wa ní ìlú Juárez, lápá òkè níbi tí ọ̀dà títì ti tán tí iyanrìn sì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ Hortensia Olivas. Tencha là ń pè é. Obìnrin kúkurú ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì bí ọwọ́ mẹkáníìkì, irun rẹ̀ sì funfun, okùn bàtà ló fi ń dì í sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún híítà gáàsì ṣe, irú èyí tí kò ní páìpù tó ń gbé èéfín jáde, tí èèyàn kàn ń gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ kí ó máa ta ooru síni lára. Irú rẹ̀ ló wà nílé gbogbo wa.

Ọkọ rẹ̀, Macario, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀ pa Macario, a rò pé Tencha yóò kó irinṣẹ́ tà. Kò tà á. Ó ní ọdún méjìdínlógún ni òun fi ń mú tọ́ọ̀ṣì dání fún un nídìí iṣẹ́, ojú òun ti mọ iṣẹ́ náà, ó ku kí ọwọ́ òun náà mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ti Macario lọ.

Èmi ni Baudelio. Burrito, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi ká ẹ̀wà àti ẹran, ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ògiri kan ló là wá láàárín, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ó bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́ láti ìdí ààrò mi.

Kò sí híítà tó ń jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé Tencha kọ́kọ́ wàásù. “Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, bí òtútù bá tiẹ̀ ń mú. Ẹ má gbé e wọ yàrá ibùsùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn. Ẹ má sá aṣọ lé e. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Ọjọ́ tó bá pọ́n, ẹ pa á, kí ẹ gbé e padà wá bá mi.” Àwọn èèyàn á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Màmá Tencha, ṣé híítà lẹ tún ṣe fún wa ni, àbí ẹ fẹ́ rì wá bọmi?” Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní jọ̀wọ́ híítà náà títí wọ́n á fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

Àfi ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní oṣù kìíní, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ àríwá dé lọ́jọ́ Ẹtì láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, omi ti dì nínú páìpù, ṣòkòtò tí ìyàwó mi sá sórí okùn sì dúró gbagidi bí pákó. Gbogbo ẹni tó ti gbàgbé híítà rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé láti oṣù kẹta ló rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, híítà mọ́kànlá ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Tencha, àwọn tó ni wọ́n sì rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń fẹ́ èémí sọ́wọ́, wọ́n ń kánjú.

Méjì nínú wọn jọra bí ìbejì. Ọ̀kan jẹ́ ti Tíṣà Arrieta, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nísàlẹ̀ níbi tí gáàsì ti ń gba inú páìpù wọlé. Èkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a kò rí rí. Ó gbé híítà sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ó ní Nubia lorúkọ òun, ará Veracruz, oṣù kẹsàn-án lòun dé nítorí iṣẹ́ fákítìrì. Ètè rẹ̀ ti bó.

“Èmi ò mọ̀ pé irú òtútù yìí wà láyé, màmá,” ló wí. “Lọ́dọ̀ tiwa, bí òtútù bá mú, a kàn ń ti fèrèsé ni.”

Lọ́dọ̀ tirẹ̀ lókè níbí, páìpù kò dé ibẹ̀. Sílíńdà ni wọ́n ń lò.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun kan, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nínú híítà, idẹ kékeré kan wà tí kò ju èékánná lọ, ihò kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀. Imú híítà là ń pè é. Ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà jáde lọ bá iná. Gáàsì inú sílíńdà lágbára ju ti inú páìpù lọ, nítorí náà imú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò tín-ín-rín. Ti páìpù ni ihò rẹ̀ máa ń tóbi. Bí èèyàn ò bá gbé e súnmọ́ ojú, kò ní mọ ìyàtọ̀.

Tencha a máa rẹ imú kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀ kí ìdọ̀tí lè ṣí. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, agolo kò tó, ó sì rẹ ti Tíṣà àti ti Nubia pọ̀. Èyí ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé sílíńdà tó fi ń dán híítà wò ní ṣọ́ọ̀bù ti gbẹ láti àárọ̀, mọ́tò gáàsì kò sì tíì kọjá. Ẹ̀kẹta ni pé ọmọ tó wà láyà Nubia ń ké, ariwo àwọn èèyàn sì pọ̀. Tencha fi imú kan sí híítà Nubia, ó dè é, ó gbé híítà náà sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ní, “Máa lọ, máa lọ, ọmọ ń gbọ̀n.” Kò dán an wò. Kò sì wàásù.

Ní ọjọ́ Ajé, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ń ro ẹ̀wà lórí iná nígbà tí mo gbọ́ ohùn Tíṣà Arrieta níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Hortensia Olivas! Jáde wá gba àbẹ́là rẹ!”

“Àbẹ́là wo, Tíṣà?”

“Èyí tí o fi sínú híítà mi. Láti àná ni mo ti jókòó tì í. Iná rẹ̀ kò lè yọ́ bọ́tà. Ibi kan ṣoṣo tó móoru lára mi ni orí mi, ìbínú sì ni.”

Mo bú sẹ́rìn-ín ní apá tèmi. Mo gbọ́ tí Tencha náà ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé e síbí, ẹ̀yin tí ẹ kì í yé ráhùn. Ìdọ̀tí ló máa wà nínú rẹ̀.” Mo gbọ́ bí ó ṣe ń tú u, irin ń kan irin. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo gbé ṣíbí kúrò nínú ìkòkò.

“Baudelio.”

Kò pariwo. Ó pè mí bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí mo wọlé, ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ó mú idẹ kékeré náà dání, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò rẹ̀.

“Imú sílíńdà nìyí,” ló wí.

“Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ti páìpù sí i. Kí ló le níbẹ̀?”

“Ti páìpù dà?” Ó yíjú sí mi.  “Baudelio, bí èyí bá wà lọ́wọ́ mi, níbo ni ti páìpù wà?”

Tíṣà ń wo Tencha, ó ń wò mí. “Ṣé kí n jókòó dè é ni?”

“Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà. Ẹ da aṣọ bora. Tiyín kò lè pa yín.” Ó ti ń tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Okùn rẹ̀ kọ̀, ó fà á já. “Ti ọmọ Veracruz yẹn ni. Ihò ńlá ni mo fún un pẹ̀lú gáàsì tó lágbára. Iná ibẹ̀ kò ní lè jó gáàsì náà tán. Á máa tú oró sínú ilé ni, oró tí kò ní àwọ̀, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n á kàn rò pé oorun ń kun àwọn ni. Gbé ọkọ̀ jáde!”

 Mo ní kí ìyàwó mi wá dúró ti ìkòkò, mo sáré lọ gbé ọkọ̀. Nígbà tí mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè.

“Ilé wọn ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ohun tí ó rántí kò ju mẹ́ta lọ. Ọmọbìnrin náà ní òkè lòun ń gbé. Ó ní àtẹ̀gùn táyà, táyà ògbólógbòó tí a tò sínú iyanrìn, ló wà níwájú ilé òun, tí òun fi gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Ó wọ aṣọ fákítìrì aláwọ̀ búlúù tó ní kọ́là funfun. Lókè wa, ìdajì ilé ló ní àtẹ̀gùn táyà, àwọn obìnrin tó sì wọ irú aṣọ yẹn pọ̀ bí iyanrìn.

A gun òkè. Afẹ́fẹ́ ń fi iyanrìn na gíláàsì ọkọ̀. Tencha di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo rò pé àdúrà ló ń gbà títí mo fi gbọ́ ohun tó ń wí. “Sátidé ìrọ̀lẹ́. Sọ́ńdè. Sọ́ńdè òru. Òní.” Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Baudelio, bí èèyàn bá kú lójú oorun, ṣé ó máa ń mọ̀?”

“Mi ò tíì kú rí, màmá.”

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

A dúró níbi àtẹ̀gùn táyà àkọ́kọ́. Bàbá arúgbó kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà kan mọ́lẹ̀. Tencha ní a ń wá ará Veracruz kan.

“Ará Veracruz? Gbogbo wa níbí, láti Veracruz la ti wá. Èwo lẹ fẹ́?”

“Ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ó ní ọmọ ọwọ́.”

“Gbogbo wọn ló ní ọmọ ọwọ́, màmá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe nínú òtútù yìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Tencha, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ lọ wo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.”

A lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nubia kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sì lé wa nítorí ó rò pé ìbò la wá tọrọ. A tún lọ síbòmíràn. Tencha ń kan ilẹ̀kùn, ó ń wo orí òrùlé, ó ń wo fèrèsé. Ibi tó bá ti rí fèrèsé tó ti, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yára. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí òkúta, orúnkún rẹ̀ bó, kò wò ó. Oòrùn ti ń sún sẹ́yìn òkè. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, òun náà ló wà lọ́kàn mi: bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ilé yóò ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé iná sókè, wọ́n á sì sùn.

Orin mọ́tò gáàsì ni a kọ́kọ́ gbọ́, orin játijàti tí wọ́n fi ń pe oníbàárà, tí ó máa ń da àwọn ajá lórí rú. Mo fi ọkọ̀ dí i lọ́nà. Wenceslao ló ń wà á, ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà kan tó mọ gbogbo ojúlé.

“Bàbá Burrito! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Màmá Tencha, ẹ kú ọ̀sán o. Mo gbọ́ pé sílíńdà yín gbẹ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má bínú, ọkọ̀ ló...”

“Wences, Nubia. Ọmọ Veracruz, ọ̀dọ́mọdé, ó lọ́mọ lọ́wọ́. Fákítìrì aláṣọ búlúù.”

“Èyí tó ní ìyá àgbà nílé? Ẹ̀yìn tánkì omi dúdú yẹn, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílíńdà fún un láàárọ̀ yìí ni. Èyí tó gbà lọ́jọ́ Ẹtì ti tán! Mo ní, ‘Àǹtí, ṣé màálù lẹ fi ń bọ́ ni?’ Ó ní híítà ni.”

Tencha pa ojú dé. Ó di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ tutù bí irin. “Wà á,” ló wí.

Ilé náà jẹ́ ti pákó àti páànù. Ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni irú rẹ̀ máa ń jẹ́, mo sì ti fẹ́ sọ fún Tencha pé kó fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí fèrèsé. Wọ́n ti fi ọ̀rá nípọn bò ó látinú, wọ́n fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ẹni tó fara balẹ̀. Wọ́n ti fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Omi ń ṣàn lójú ọ̀rá náà. Rédíò ń kọrin nínú ilé.

Tencha kan ilẹ̀kùn. Rédíò ń kọrin. Ó fi ìkúùkù lù ú. Mo ti sún mọ́ ọn láti fi èjìká jálẹ̀kùn nígbà tí a gbọ́ ọwọ́ kékeré kan tó ń tiraka nídìí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún márùn-ún ló ṣílẹ̀kùn. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wò wá bí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

“Màmá àgbà ń sùn,” ló wí.

“Màmá rẹ ńkọ́?”

“Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Orí ń fọ́ mi. Lucio ti bì lẹ́ẹ̀mejì.”

Ooru ilé náà gbá wa lójú, òórùn èéfín kíkorò kan sì bá a wá tó ń ta ojú bí àlùbọ́sà. Mo rí híítà náà ní àárín yàrá. Iná rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń lá ìta bí ahọ́n ajá, ògiri tó wà lókè rẹ̀ sì ti dúdú. Tencha fi ìborùn dí imú, ó wọlé lọ tààrà, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ó lọ ti orí sílíńdà pa. Iná náà kú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ya ọ̀rá fèrèsé lulẹ̀ látòkè délẹ̀.

Mo gbé ọmọ kékeré nínú àpótí tó ń sùn sí. Ara rẹ̀ rọ̀ bí àkísà tútù. Mo gbé e síta sínú afẹ́fẹ́, mo ń pè é, “Lucio, Lucio, bàbá kékeré, dá mi lóhùn,” mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Ó lajú. Ó tún pa á dé. N kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nínú ilé, mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà. Eneida lorúkọ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ti fi gèlè di orí, ó kì ègé ọ̀dùnkún sí ẹ̀bátí méjèèjì kí ó lè fa ẹ̀fọ́rí jáde.

“Ta nìyẹn? Ìwọ ta ni? Ti ilẹ̀kùn yẹn! O fẹ́ fi òtútù pa àwọn ọmọ!”

“Ẹ dìde, ìyá. Oró wà nínú ilé yìí.”

“Olè! Gbé ọwọ́ kúrò lára mi! Ibà ló mú wa. Híítà mi dà? Ta ló pa híítà mi?” Ó fẹ́ na Tencha, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba òun náà. Ó rọra béèrè, bí ọmọdé, “Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

Tencha gbé e lé èjìká. Obìnrin kúkurú yẹn gbé obìnrin tó ga jù ú lọ, ó gbé e jáde, ọ̀dùnkún ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. A kó wọn sínú ọkọ̀, a ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, mo sì wakọ̀ bí wèrè. Tencha ń gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́ kó má sùn. Gbogbo ìgbà tó bá ké, ó ń dúpẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́, ó ń pariwo.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nímú. Dókítà kan, ọkùnrin tí oorun ń kun, jáde wá bá wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti gba oró náà púpọ̀, ṣùgbọ́n a tètè dé. Ó ní bí wọ́n bá ti fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀la, kò ní sí ohun tí òun lè ṣe.

Nubia dé láti fákítìrì pẹ̀lú aṣọ búlúù náà lọ́rùn, bàtà kan ti fẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó rí àwọn ọmọ, wọ́n ní kó jáde. Dókítà dúró tì í ní kọ́rídọ̀, ó ń bi í léèrè. Ṣé fèrèsé ṣí? Nubia ní òun fi ọ̀rá dí i lálẹ́ àná, nítorí afẹ́fẹ́ ń wọlé sára ọmọ. Ṣé ó dí ilẹ̀kùn? Ó ní òun dí i.

“Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn,” ni dókítà wí. “Híítà tí kò ní páìpù, nínú ilé tí atẹ́gùn ò wọ̀. Ọdọọdún la máa ń rí i.” Ó lọ.

Nubia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èmi ni,” ló ń wí. “Ọwọ́ mi ni mo fi dí i. Mo tiẹ̀ ra téèpù tó dára. Àwọn ọmọ mi. Èmi ni.”

Èmi àti Tencha dúró síbẹ̀. N kò ní parọ́. Mo mọ ohun tí Tencha fẹ́ ṣe, mo sì fún un ní èékánná lápá. Mo rọra sọ ọ́ sí i létí pé, “Ẹ dákẹ́. Dókítà ti sọ ọ́. Wọ́n ti yè. Ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún yín bí ẹ bá lanu?” Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Tencha yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nubia, orúnkún tó bó náà nà síwájú.

“Ọ̀rá yẹn burú,” ló wí, “mi ò sì kìlọ̀ fún ọ pé kó o má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá ló kọ́kọ́ ṣe é. Imú ẹlòmíràn ni mo fi sínú híítà rẹ. Mi ò sì dán an wò kí n tó gbé e fún ọ. Mo ń kánjú ni. Èmi ló ṣe é, ọmọ mi.”

Nubia yíjú sí i. Mo rò pé yóò gbá a létí, Tencha náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbé ojú sókè dè é.

“Iná yẹn pupa,” ni Nubia wí. “Mo rí i pé ó pupa. Lọ́dọ̀ wa, igi la fi ń dáná, pupa ni iná. Mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀.” Ohùn rẹ̀ wá le. “Ẹ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ rí yín níbí.”

A lọ. 

Ọmọbìnrin náà padà sílé lọ́jọ́ kejì, Lucio lọ́jọ́ kẹta. Ti Eneida kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì tí ó ń fi orúkọ ẹnì kan pe ẹlòmíràn, tó ń jáde lọ ra nǹkan tí kì í mọ ọ̀nà padà. Tencha gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Wenceslao. Ó máa ń bi í léèrè lójoojúmọ́, a sì máa fetí sí i títí yóò fi parí, lẹ́yìn náà á wọlé lọ.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú òtútù tó le jù lọ nínú ọdún. Àwọn èèyàn ń gbé híítà wá, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń bú. “Màmá Tencha, ṣé ẹ ti kú ni?” Mo ní ara rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó wọ ọ̀dọ̀ mi wá ní àárọ̀ kùtùkùtù, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀.

“Oúnjẹ rẹ ti jinná?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Nígbà tó bá jinná, gbé mi kiri. Mo fẹ́ rí gbogbo híítà tí mo fọwọ́ kàn lọ́dún yìí.”

Bí a ṣe lo ìyókù òtútù ọdún yẹn nìyẹn. Bí mo bá ti tà tán lọ́sàn-án, a ó lọ. Á wọ ilé èèyàn, á tan híítà, á kúnlẹ̀ kó wojú iná náà pẹ́, á tú u, á wo imú rẹ̀. Á béèrè ibi tí wọ́n ń sùn. Á béèrè bóyá orí máa ń fọ́ wọn lálẹ́ tó sì máa ń dẹ́kun bí wọ́n bá bọ́ síta. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí ó tó béèrè nǹkan kan, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe fún ìdílé Nubia. Àwọn kan gbá a mọ́ra. Àwọn kan gbé híítà wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó bá híítà méjì tí iná wọn kò dára, àwọn tó ni wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n dọ̀tí, kì í ṣe òun, síbẹ̀ ó jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́yìn èyí èkejì, ó ní kí n má tíì tan ọkọ̀.

Nubia kò gbà á sílé. A dé ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ismari, ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wa lọ́jọ́ yẹn, bá wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé màmá òun ní híítà iná mànàmáná làwọn ń lò báyìí, kí a má wá mọ́. A kò lọ mọ́.

Tencha ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá falẹ̀. Híítà tó ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ láàárín wákàtí kan, á gba ọ̀sán gbogbo. Sílíńdà méjì ló wà níbẹ̀ nígbà gbogbo báyìí. Ó ń tan híítà lójú ẹni tó ni ín, á sì mú kí wọ́n jókòó wo iná náà fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú òun. Wọ́n ń ráhùn. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń ṣe tirẹ̀ ní kíá. “Ẹ lọ bá a,” lá sọ. Àwọn kan lọ.

Tíṣà Arrieta kò lọ. Ó máa ń wá jókòó tì í kódà nígbà tí híítà rẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Hortensia, ìwọ náà ènìyàn ni. Dárí ji ara rẹ.”

“Ẹ ṣeun, Tíṣà,” ló dá a lóhùn, kò sì gbé ojú kúrò lára iná.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Bí afẹ́fẹ́ àríwá bá dé, tí áḿbúláǹsì sì ń ké bọ̀ lójú títì, mo máa ń gbọ́ tí irin jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ògiri. Á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á na ọrùn, á dúró síbẹ̀ láìda nǹkan bora títí yóò fi rí ibi tí ó yà sí. Bí áḿbúláǹsì náà bá yà sí ìsàlẹ̀, Tencha á padà wọlé. Bí ó bá yà sí òkè, èmi náà á ti nu ọwọ́, n ó ti máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí a lè tẹ̀lé e.